Fọ́tò Tí A Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà

Àwọn tó ń wá wo fọ́tò mi ní gálérì kan ní Cocody, ní Abidjan, máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà, àfi bí ẹni pé wọ́n kọ́ ọ nílé kí wọ́n tó wá. Wọn á dúró níwájú fọ́tò, wọn á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á ní: "Madame, òótọ́ lèyí ni àbí ẹ ṣe é ni?" Nítorí pé nínú fọ́tò mi, obìnrin kan lè jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, kí àga tó kọjú sí i ṣófo, síbẹ̀ kí òjìji ẹnì kan wà lára ògiri lẹ́yìn àga náà. Ọmọ kan lè dúró létí ọ̀sà, kí omi sì fi ojú ọmọ méjì hàn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kí wọ́n mu bissap wọn, omi ìṣápá, kó tó gbóná. N kì í dáhùn. Wọ́n rò pé ìgbéraga ni, pé gbogbo àwa tí wọ́n ń gbé fọ́tò wa kọ́ ògiri la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹni tí wọ́n bá ti fi fọ́tò tọ́ dàgbà bí wọ́n ṣe fi tọ́ mi kò ní yára sọ pé ibí yìí ni òótọ́ pin sí. Ọdún kan ló kọ́ mi níṣẹ́ tí mò ń ṣe, ọdún tí òjò pọ̀, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, n kò sì tíì jáde nínú ọdún náà tán títí di òní.

Inú àgbàlá kan la ń gbé ní Attécoubé, lórí òkè tó kọjú sí ọ̀sà. Ìdílé mẹ́fà ló yí àgbàlá náà ká, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà láàárín, igi máńgòrò kan sì wà tí kì í so nǹkan gidi, tí gbogbo wa ń sá aṣọ lé. Ariwo ló ń jí wa. Ìpè àsùbá á kọ́kọ́ dún láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà la ó gbọ́ ìgbálẹ̀ Tantie Mariam, obìnrin Júlà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó ń ha ilẹ̀ bíi pé ilẹ̀ náà ṣẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Plateau bá fun fèrè, ìyá mi á pariwo látinú yàrá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, fèrè ti dún, ẹ ò tíì wẹ̀!" Ìyá mi ń ta ìkòkò àti abọ́ tánganran ní ọjà Roxy, ní Adjamé. Bàbá mi ń ṣòwò ní Bouaké, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi ló ń pọnmi, Táyé, èkejì mi, ló ń fọ abọ́ àná, bó bá sì fọ méjì, á gbé ẹ̀kẹta lé orí, á máa fi rìn yí ká àgbàlá láìfọwọ́ dì í mú, títí ìyá mi á fi jáde. Lọ́sàn-án a máa ń jẹ attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín, lọ́dọ̀ Tantie Mariam, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ̀wà ni dandan. Ìyá mi á sè é pẹ̀lú epo pupa, á pín in fún gbogbo ọmọ àgbàlá, nítorí pé ìbejì ló bí, ìbejì sì fẹ́ràn ẹ̀wà. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún ọ̀kan nínú wa, wọ́n á fún èkejì. Bí wọ́n bá na ọ̀kan pàápàá, Táyé á yọjú pé tòun dà.

Ojú kan náà la ní. Àwọn olùkọ́ wa ní école kò dá wa mọ̀, bàbá wa náà máa ń ṣe bí ẹni tó mọ̀, á wá dárúkọ méjèèjì pa pọ̀ kó má baà ṣì í. Ìyá mi nìkan ni kì í ṣì wá pè. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bó ṣe ń ṣe é. Ó gbá àgbọ̀n mi mú, ó wo ojú mi, ó ní, "Mo kàn máa ń wò yín ni."

Yàrá iwájú àgbàlá, èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí títì, ni ilé iṣẹ́ Tonton Síkírù. Àbúrò ìyá mi ni, ọmọ ìyá kan náà, fọ́tò sì niṣẹ́ rẹ̀, bó ṣe jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìlú yìí nígbà náà. Ó ga, ó gbẹ, ó máa ń fi pẹ́ńsù sí etí kan àti ìgò òògùn ikọ́ sí àpò. Aṣọ ńlá kan ló ta sí ara ògiri, tí ayàwòrán kan ní Treichville kùn fún un: ilé alájà kan, òdòdó lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ òfúrufú kékeré lójú ọ̀run, àti àtẹ̀gùn funfun kan tó ń gòkè, tó ń gòkè, títí aṣọ fi tán. Iwájú àtẹ̀gùn yẹn ni gbogbo Attécoubé ti máa ń ya fọ́tò. Táyé kò lè fi í sílẹ̀. "Tonton, níbo ni àtẹ̀gùn yìí ń lọ?" Tonton á ní, "Ó ń lọ sí yàrá òkè." "Ta ló wà níbẹ̀?" "Ẹni tó bá gùn ún ni." Táyé á lọ fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn náà, á rí i pé aṣọ ni, á sì padà wá bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì á tún lọ wò ó.

Lọ́dọọdún, bí Tabaski, tí àwa ń pè ní Iléyá, bá ku oṣù kan, Tonton á ya fọ́tò wa láti fi ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí òun àti ìyá mi, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Àgbà ti wá sí Abidjan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n bí wa. Ó lo oṣù mẹ́fà, òun ló ń wẹ̀ wá, òun ló ń fi epo pa wá lára, ó sì padà sílé. Láti ìgbà náà, fọ́tò ló fi ń mọ̀ wá. Bàbá Gàní, tó ń kó ẹrù àti iṣẹ́ tí àwọn ará wa bá rán láàárín Adjamé àti Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń mú un lọ, òun náà ló sì ń mú èsì bọ̀: aṣọ méjì tí wọ́n rán bákan náà, àti káséètì tí Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ sí. Fọ́tò yẹn ni ìyọnu Tonton. A ó wọ aṣọ kan náà, a ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wa, Táyé lósì, èmi lọ́tùn-ún. Tonton á ní, "Ẹ wojú kámẹ́rà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ne bougez pas! Ẹ má mira! Un, deux…" Kí ó tó dé trois, ẹ̀kẹta, orí Táyé á ti yí sọ́dọ̀ mi. Kò sí ọdún tí kò ṣe é. Tonton á kígbe, á ní ó ti ba fíìmù òun jẹ́, á ní kí ló ń wò. Táyé á ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Kẹ́hìndé náà ń rẹ́rìn-ín ni." Bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́ nìyẹn lọ́dọọdún: èmi tí mo kọjú síwájú bí ọlọ́pàá, àti Táyé tó ń wò mí.

Òjò ọdún tí mò ń wí yìí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá. Ilẹ̀ òkè wa ń ya, ògiri àwọn ará ìsàlẹ̀ wó lulẹ̀, aṣọ kì í gbẹ lórí máńgòrò. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni ibà mú àwa méjèèjì. Tèmi lọ lọ́jọ́ kejì. Ti Táyé kò lọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù nínú òjò, ìyá mi pọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń jù lọ jù bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi nítorí ó ti tóbi ju ẹni tí wọ́n ń pọ̀n lọ. Èmi wà lọ́dọ̀ Tantie Mariam. Ó bu attiéké fún mi, mo jẹ ìlàjì, mo fi abọ́ dé ìlàjì fún Táyé. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin ti lọ sin ín. Mo béèrè pé Táyé dà. Àwọn àgbà wo ara wọn. Obìnrin kan láti Ọ̀yọ́, tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, ló dá mi lóhùn: "Ó lọ sọ́jà." Àwa kì í sọ pé ìbejì kú. Ọjà ló lọ. Èmi tí mo mọ ọjà, tí mo mọ Roxy tí ìyá mi ń lọ lójoojúmọ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, mo ń wo àwọn tó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Attiéké náà kan lábẹ́ abọ́. Ọjọ́ kẹta ni Tantie Mariam dà á nù láìbá mi sọ̀rọ̀.

Àwọn èèyàn wá kí ìyá mi. Wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo rò pé èmi ni agbè náà, mo sì ń rìn jẹ́jẹ́ kí n má baà fọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti pé òun gan-an ti sán. Wọn kò yé pè é ní Ìyá Ìbejì. Orúkọ yẹn kì í ṣí lára ẹni. Òun ní tirẹ̀ kò sọkún lójú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà, n kò sì rò pé ẹlòmíràn tètè rí i: ìyá mi kò wò mí mọ́. Á bu oúnjẹ mi, á gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á ti yíjú kí n tó gbà á. Bí mo bá ti école dé, á béèrè látinú yàrá pé, "Ṣé o ti dé?" kò ní jáde. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lórí èjìká mi, tàbí lórí ògiri lẹ́yìn mi. Ó yí dígí yàrá kọjú sógiri. Mo wẹ̀, mo fi ìpara sí ojú, mo gbé abọ́ lórí yí àgbàlá ká bí Táyé ti ń ṣe kí ó lè jáde wá bá mi wí. Kò jáde. Lọ́jọ́ kan Tantie Mariam dì í lọ́wọ́ mú níbi ẹ̀rọ omi, ó ní, "Ma sœur, regarde-la. Wò ó. Ọmọ yìí ń wá ojú rẹ." Ìyá mi ní, "Mo gbọ́," ó sì gbé korobá rẹ̀. Lónìí, mo mọ ohun tó rí nígbàkigbà tí ojú rẹ̀ bá bọ́ sára mi. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́, pé bóyá nítorí pé ibà tèmi lọ ni.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Bàbá Gàní wá sọ pé òun ń lọ sílé. Wọ́n jókòó sí yàrá wa ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ìyá mi, bàbá mi tó ti Bouaké dé, Tonton Síkírù àti Bàbá Gàní. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni kí n wí fún Màmá?" Bàbá Gàní ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ẹ má wí nǹkan kan."

Gbogbo wọn mọ ìdí rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú, wọ́n túfọ̀ àkọ́bí Ìyá Àgbà fún un, ó ṣubú lójú ẹsẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ fún ogójì ọjọ́. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Bí ẹ bá sọ fún un, òkú méjì ni," ìyá mi ní. "Mo ti sin ọ̀kan. N kò lè sin méjì."

Tonton wúkọ́ títí. Ó ní, "Ó máa béèrè fọ́tò."

Mo gbọ́ tí omi ń kán sínú korobá níta. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó fi ń sọ pé iyọ̀ ti tán: "Ṣebí ojú kan náà ni wọ́n ní."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Tonton ní, "ìyá tèmi náà ni o. Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi…"

"Ìyá rẹ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá mi béèrè pé títí di ìgbà wo. Ìyá mi ní títí ara Màmá á fi le. Bàbá Gàní mi orí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a."

"Kó lọ ogún ọdún náà ná," ni ìyá mi wí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wọ̀ mí láṣọ. Ìyá mi kọ́ ló wọ̀ mí, Tantie Mariam ni. Tonton ti ilẹ̀kùn títì, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ ńlá lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Kẹ́hìndé, o fẹ́ràn Ìyá Àgbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn inú káséètì nìkan ni mo mọ̀. Ó ní, "Bí fọ́tò yìí bá dára, Ìyá Àgbà á wà láàyè. Ṣé o gbọ́? Nítorí náà má mira." Bóyá kò rò ó kí ó tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé lé ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo gbé e, mo sì dì í mú gírígírí.

Ó fi páálí dúdú kan bo ìlàjì lẹ́ǹsì. Ó ní kí n kọ́kọ́ dúró lọ́tùn-ún, ní ipò mi. Ó yà á. Lẹ́yìn náà, láìyí fíìmù, ó gbé páálí náà sí ìlàjì kejì, ó ní kí n kọjá sí òsì. Ó gbé ìkòkò òdòdó oníke kan sí àárín kí ojú ibi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé má baà hàn. Mo gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, mo dúró síbi tí Táyé máa ń dúró, pẹ̀lú àtẹ̀gùn funfun yẹn lẹ́yìn mi. Ibẹ̀ tutù. Ó wù mí láti yíjú wo ọ̀tún, láti mọ̀ bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. N kò yíjú. Mo ronú nípa ìyá arúgbó kan tó dùbúlẹ̀ ní ìlú tí n kò dé rí, tí ẹ̀mí rẹ̀ wà ní ọrùn mi, tí yóò kú bí mo bá mi. Mo wo iwájú. Tonton wọ abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, mo rí i tí aṣọ náà ń gbọ̀n. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ikọ́ ni.

Ó jẹ́ kí n bá òun wọ yàrá òkùnkùn. Lábẹ́ gílóòbù pupa, ó ri pépà funfun sínú àwo omi, ó ń mi àwo náà jẹ́jẹ́. Àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òdòdó, lẹ́yìn náà ọmọ méjì. Mo pariwo, "Táyé!" Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo mọ ìgbà tí mo dúró síbẹ̀, mo mọ bí ilẹ̀ ṣe tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Síbẹ̀ Táyé ló jáde látinú omi yẹn, kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi títí dòní pé òun kọ́. Tonton kò bá mi wí. Ó fi ẹ̀mú gbé pépà náà sókè, omi ń kán lára rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbéraga oníṣẹ́ ọwọ́ sì borí ìbànújẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. "C'est bon," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì wo iwájú. Èyí ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà yín."

Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo rò pé ó máa gbé ojú kúrò lára fọ́tò bọ́ sára mi, kó ní mo ṣeun. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó wo ọmọ tó wà lósì, ó fi àtàǹpàkò pa á lójú, lójú, títí Tonton fi ní pépà náà kò tíì gbẹ. Mo jowú ara mi lọ́jọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ irú owú bẹ́ẹ̀, kó wá bá mi ní gálérì, a ó jókòó.

Bàbá Gàní padà dé lẹ́yìn Iléyá. Gbogbo wa pé jọ nígbà tó ń tú ẹrù rẹ̀. Ìyá mi di ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà. Aṣọ kan jáde, àdìrẹ tí wọ́n rán ní búbà kékeré. Lẹ́yìn náà, èkejì jáde. "Méjì!" ìyá mi ní. "Síkírù, wò ó, méjì ló rán! Kò mọ̀!" Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà òjò. Wọ́n fi káséètì sínú rédíò. Ohùn Ìyá Àgbà jáde, ó lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àkùkọ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun rí fọ́tò, òun dúpẹ́. Ó ní, "Táyé, Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ. Kẹ́hìndé, jẹun dáadáa, ṣé o gbọ́? Ìyá Ìbejì, tọ́jú Kẹ́hìndé fún mi." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, káséètì náà ń yí, kò sí ohùn, àkùkọ nìkan, ó pẹ́, kó tó ní ó dìgbóṣe. Tonton ní bátìrì ló ń tán. Ìyá mi sọ pé ara Màmá ti ń le, pé ọpẹ́ ni. Wọ́n wọ aṣọ kan fún mi. Èkejì lọ sínú àpótí, níbi tí ohun gbogbo tó jẹ́ ti Táyé ń lọ, nítorí pé a kò ṣíwọ́ fífún un ní tirẹ̀. Ẹ̀wà ọjọ́ Jímọ̀ kò dáwọ́ dúró. Abọ́ rẹ̀ ń jáde, wọ́n sì ń bu tirẹ̀ sí i.

Ọdún náà kò parí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ya fọ́tò, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo ń ga, Táyé ń ga. Nígbà tí mo pé ọdún méjìlá, èmi ló ń gé páálí dúdú náà fúnra mi, Tonton sọ pé ọwọ́ mi dára ju ti òun lọ. Mo ti mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, mo mọ bí a ṣe ń fi òjìji bo ojú ìsopọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń yìn mí sí lónìí, bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, ní dídá òkú padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́dọọdún kí arúgbó kan má baà kú. Ìyá Àgbà ń rán aṣọ méjì méjì, ìyá mi ń ní, "Kò mọ̀." Ìyá mi kò sì lọ sílé rárá, nítorí bó bá lọ, wọ́n á ní àwọn ọmọ dà.

Mo pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Ìyá Àgbà tó kú, lójú oorun, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Èmi àti ìyá mi wọ ọkọ̀ ní Adjamé, a la orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá, a sì dé ilé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, Ìyá Ràmátù, obìnrin kúkúrú tí ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́, ló mú wa wọ yàrá Ìyá Àgbà. Fọ́tò wa wà lára ògiri, tí wọ́n tò tẹ̀ léra, láti ìgbà tí a ti ń rá. Èmi tí mo kọjú síwájú, Táyé tó ń wò mí. Wọ́n parí sí ti ọdún méje wa. Lẹ́yìn ìyẹn, ògiri lásán.

Ìyá mi béèrè pé, "Àwọn tó kù dà?"

Ìyá Ràmátù lọ sídìí àpótí, ó mú ìdì aṣọ funfun kan jáde, ó tú u sórí ẹní. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, àwọn fọ́tò mi, méje, kò sí èyí tó ya. "Kò gbé wọn kọ́ rí," ó ní. "Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ dé, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, 'Ràmátù, Táyé ti lọ sọ́jà.' Ó ní kí n din àkàrà, kí n pín in fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ó pe àfáà, wọ́n ṣe àdúà. Ọjọ́ méje ni kò jáde."

"Irọ́ ni," ìyá mi ní. "Aṣọ méjì méjì ló ń rán!"

"Ìyá Ìbejì. Ta ló ń rán aṣọ kan ṣoṣo sí ìbejì? Ì báà wà, ì báà ti lọ, méjì náà ni. Ṣé ìwọ kì í bu oúnjẹ tirẹ̀ ni?"

Ìyá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì aṣọ náà.

"Mo ní kó ránṣẹ́ pè ọ́. Ó ní rárá. Ó ní, 'Ọmọ mi ò tíì lè fi ẹnu sọ ọ́. Bí mo bá béèrè, mo ti fipá mú un nìyẹn. Ọjọ́ tó bá lè sọ ọ́, á wá.' Ó ń dúró dè ọ́. Gbogbo Iléyá ló ń ní kí n tẹ́ ẹní sí yàrá yìí, pé bóyá ọdún yìí ni."

Ọdún méje. Ìyá mi sọkún nígbà náà, èyí tí kò sun ní Attécoubé, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe Táyé, n kò mọ ẹni tó ń sun ún fún mọ́. Èmi ń wo àwọn fọ́tò náà. Inú bí mi, kí n má parọ́. Mo ti fi ẹ̀mí arúgbó yìí sí ọrùn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo dúró láìmira, mo rò pé èmi ló mú un wà láàyè. Àwọn ìsopọ̀ náà mọ́. Kò sí ojú ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbà rí i. Mo bi Ìyá Ràmátù pẹ̀lú ohùn líle, ohùn oníṣẹ́ tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀, pé báwo ni Ìyá Àgbà ṣe mọ̀, ta ló sọ fún un.

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un." Ó mú fọ́tò àkọ́kọ́, ó gbé e sọ́wọ́ ìyá mi. "Ó fi ìka tọ́ ọ báyìí, ó ní kí n wò ó dáadáa. Ó ní, 'Nínú èyí, ta ló ń wojú Kẹ́hìndé?'"

Ìyá mi gbé fọ́tò náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó yí orí sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀, bí Táyé ti máa ń ṣe kí Tonton tó ka trois, ó sì wò mí.